Ìyà àti Ìwà Ìkà: Àyẹ̀wò Ìwé Ìtàn Aláwòrán Batman: The Killing Joke

1.0 Ìfáàrà

Ìbéèrè kan wà tí kò tíì kúrò nílẹ̀ nínú iṣẹ́ àwọn asọ̀tàn: ṣé a bí ìwà ìkà mọ́ ìkà ènìyàn ni, tàbí ayé ni ó kọ́ ọ? Òǹkọ̀wé tí ó bá fi olubi ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn kò lè yẹ ìbéèrè yìí sílẹ̀. Bí ó bá ròyìn ìyà tí ó jẹ olubi náà, àánú lè ṣe òǹkàwé títí tí yóò fi gbàgbé àwọn tí olubi náà ṣe léṣe. Bí kò bá sì ròyìn rẹ̀, olubi náà yóò dàbí ère tí a gbẹ́ sójú ọ̀nà láti fi dẹ́rù ba ọmọdé. Ìwé tí àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò wà láàárín ewu méjèèjì.

Orúkọ ìwé náà ni Batman: The Killing Joke. Ilé iṣẹ́ DC Comics ni ó gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1988. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Alan Moore tí ó kọ ìtàn rẹ̀ àti Brian Bolland tí ó ya àwòrán rẹ̀. John Higgins ni ó kun àwòrán náà ní àwọ̀, Richard Starkings sì ni ó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá-ìtàn sínú rẹ̀. Ìwé kékeré ni, kò ju ojú-ìwé 48 lọ. Síbẹ̀, ó gba ẹ̀bùn Eisner ní ọdún 1989, àwọn òǹkàwé púpọ̀ sì gbà pé òun ni ó tú àṣírí Joker, olubi tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú gbogbo ìtàn Batman.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìwé náà kò tú àṣírí kankan. Ẹjọ́ ni ó gbé kalẹ̀. Joker ni ó ń rojọ́, òun náà ni ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Ìwé náà dá ẹjọ́ náà bí ó ti tọ́, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti pe ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù láti wá sọ tẹnu rẹ̀.

2.0 Joker ṣáájú ọdún 1988

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Joker jáde sí gbangba ni inú ìwé Batman àkọ́kọ́, ní ìgbà ìrúwé ọdún 1940. Bill Finger, Bob Kane àti Jerry Robinson ni wọ́n lọ́wọ́ nínú dídá rẹ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ fara jọ ojú Conrad Veidt, òṣèré tí ó kópa ọkùnrin tí ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ nínú sinimá The Man Who Laughs ti ọdún 1928. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Joker ti jẹ́ apànìyàn: májèlé tí ó ń lò máa ń fi ẹ̀rín sí ẹnu òkú.

Ìwà rẹ̀ kò dúró lójú kan. Ní ọdún 1954, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe òfin láti máa ṣọ́ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, apànìyàn di aláwàdà tí ń jalè. Irú Joker bẹ́ẹ̀ ni Cesar Romero ṣe nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n láàárín ọdún 1966 sí 1968. Ọdún 1973 ni Denny O'Neil àti Neal Adams dá a padà sí ìdí ìpànìyàn nínú ìwé Batman tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 251.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tún wà tí Moore mú lò. Nínú Detective Comics nọ́ńbà 168, tí ó jáde ní ọdún 1951, Joker jẹ́wọ́ pé òun ni ọ̀daràn kan tí ń fi ìbòrí pupa bojú, tí ó bẹ́ sínú omi kẹ́míkà láti bọ́ lọ́wọ́ Batman, tí omi náà sì sọ ara rẹ̀ di funfun, tí ó sọ irun rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Ìtàn ti ọdún 1951 kò sọ púpọ̀ nípa ẹni tí ó wà lábẹ́ ìbòrí náà. Àyè tí ó ṣófo yìí ni Moore wọ̀.

3.0 Àhunpọ̀ ìtàn

Ìtàn méjì ni ó ń rìn pọ̀ nínú ìwé náà: ti òní àti ti àná.

Nínú ti òní, Batman lọ sí Arkham, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọ̀daràn tí orí wọn dàrú. Ó fẹ́ bá Joker sọ̀rọ̀ ìtùnbí-ìnùbí, nítorí ó ti rí i pé bí nǹkan bá ń lọ bí ó ti ń lọ, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni yóò pa èkejì. Ó bá ẹnìkan nínú yàrá náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Joker. Ẹlòmíràn tí wọ́n kun ojú rẹ̀ ní ẹfun ni. Joker ti sá lọ. Ó ti gba ọgbà ìgbafẹ́ kan tí ó ti di ahoro, ó sì ti pa ẹni tí ó fẹ́ tà á fún un.

Láti ibẹ̀, Joker lọ sí ilé Gordon, kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ìlú Gotham. Barbara, ọmọbìnrin Gordon, ni ó ṣílẹ̀kùn. Joker yìnbọn lù ú, ọta sì ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ débi pé kò lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́. Ó bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ó sì ya fọ́tò rẹ̀ nínú ìrora. Wọ́n wá gbé Gordon lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ náà, wọ́n bọ́ òun náà sí ìhòòhò, wọ́n fi í sínú ọkọ̀ ojú irin àwọn ọmọdé, wọ́n sì fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ hàn án nínú òkùnkùn. Ìdí tí Joker fi ṣe èyí kò fara sin: ó fẹ́ fi hàn pé ọjọ́ kan péré, irú èyí tí Yorùbá ń pè ní ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu, tó láti sọ ọmọlúàbí di wèrè.

Nínú ti àná, ọ̀dọ́kùnrin kan fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà láti di aláwàdà. Kò rí já. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, owó ilé wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì san. Àwọn ọ̀daràn méjì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú àwọn gba inú ilé iṣẹ́ tí ó ti ṣiṣẹ́ rí kọjá lọ jalè ní ilé iṣẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gbà nítorí ọmọ tí ń bọ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, ọlọ́pàá wá sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti kú nínú ìjàǹbá iná mànàmáná, níbi tí ó ti ń dán ohun èlò tí wọ́n fi ń gbé ìgò oúnjẹ ọmọ kaná wò. Ọkùnrin náà fẹ́ padà lẹ́yìn wọn, àwọn ọ̀daràn náà kò gbà. Wọ́n dé ìbòrí pupa lé e lórí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rí wọn, ìbọn dún, Batman dé, ọkùnrin náà sì bẹ́ sómi. Nígbà tí ó jáde tí ó rí ojú ara rẹ̀ nínú omi, ẹ̀rín ni ó bú sí.

Ìtàn méjèèjì pàdé ní òpin. Batman wá sí ọgbà náà, ó tú Gordon sílẹ̀, ó sì lé Joker mú. Dípò kí ó pa á, ó ní kí Joker jẹ́ kí òun ràn án lọ́wọ́ láti di ènìyàn padà. Joker kọ̀, ó ní ó ti pẹ́ jù. Ó wá pa àwàdà kan, àwọn méjèèjì sì jọ rẹ́rìn-ín nínú òjò.

4.0 Ọgbọ́n ìsọ̀tàn

Nínú ìwé ìtàn aláwòrán, àwòrán kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a fi kún ọ̀rọ̀. Òun gan-an ni ìtàn. Ohun mẹ́ta nínú ọgbọ́n ìsọ̀tàn ìwé yìí ni ó yẹ ní ṣíṣe àlàyé, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ń gbe ẹjọ́ Joker lẹ́yìn tàbí tí ó ń tako ó.

Èkíní ni ìtò àwọn àpótí àwòrán. Lórí ọ̀pọ̀ ojú-ìwé, àpótí mẹ́sàn-án ni wọ́n tò ní mẹ́ta-mẹ́ta, bí ojú fèrèsé onírin. Ìtò bẹ́ẹ̀ ni Moore àti Dave Gibbons lò nínú Watchmen (1986–1987). Ó ń mú kí ìtàn rìn ní ìwọ̀n kan náà, láìyára, láìfalẹ̀. Nígbà tí ìwà ipá bá dé láàárín ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí Barbara ṣílẹ̀kùn, ẹ̀rù rẹ̀ a máa pọ̀ ju ti ibi tí gbogbo nǹkan ti ń hó lọ.

Èkejì ni bí ìtàn òní ṣe ń wọnú ti àná. Bolland kò kọ ọ̀rọ̀ kankan láti sọ pé ìgbà ti yí padà. Bí Joker ṣe dúró nínú àpótí tí ó kẹ́yìn òní, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni aláwàdà náà ṣe dúró nínú àpótí tí ó bẹ̀rẹ̀ àná. Ìdúró kan náà, ara kan náà, ayé méjì. Ọgbọ́n yìí ń rọ òǹkàwé láti gbà pé ohun tí ó ń rí jẹ́ òtítọ́ tí ara Joker kò gbàgbé. Èyí ṣe pàtàkì fún ohun tí yóò jẹyọ ní ìpín karùn-ún.

Ẹ̀kẹta ni àwọ̀. Nínú ìwé ti ọdún 1988, Higgins lo àwọ̀ tí ń tàn yanran: òféfèé, ọsàn àti àlùkò kún inú ọgbà ìgbafẹ́ náà bí ìgbà tí ènìyàn ń lá àlá ibà. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà gbé jáde ní ọdún 2008, Bolland fúnra rẹ̀ ni ó tún un kùn. Ó dín àwọ̀ òní kù, ó sì yọ àwọ̀ kúrò nínú àná, àfi ohun pupa tí ó fi sílẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún títí ìbòrí pupa fi dé. Ìtumọ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Lọ́wọ́ Higgins, àná àti òní jọ jẹ́ ayé wèrè kan náà. Lọ́wọ́ Bolland, àná jẹ́ ọ̀nà tí ó ń lọ tààrà sí ìbòrí pupa náà, bí ẹni pé kò sí ibòmíràn tí ọkùnrin náà lè yà sí. Ẹni tí ó ka ti ọdún 2008 nìkan yóò gba àwíjàre Joker gbọ́ ju ẹni tí ó ka ti ọdún 1988 lọ.

5.0 Ẹjọ́ tí olubi rò

Àwíjàre Joker pín sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, ó ní ọjọ́ burúkú kan ni ó sọ òun dà bí òun ti dà. Ìkejì, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí fún ẹnikẹ́ni. Bí ìkejì bá jẹ́ òtítọ́, kò sí ẹni tí ó lè dá Joker lẹ́bi, nítorí pé orí ni ó kó àwọn tó kù yọ, kì í ṣe ìwà.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbo ọ̀nà àkọ́kọ́. Nígbà tí ìtàn ń parí lọ, Joker sọ pé ohun tí òun ń rántí nípa ara òun kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ó bá tilẹ̀ ṣe pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ ní ìtàn àtẹ̀yìnwá, ó wu òun kí òun ní púpọ̀ tí òun yóò máa ṣà nínú rẹ̀. Gbólóhùn yìí yí gbogbo ohun tí òǹkàwé ti rí padà. Ìyàwó olóyún, owó ilé, ìjàǹbá iná: ẹnu Joker nìkan ni ó ti jáde. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òǹkàwé tí omi ti bọ́ lójú rẹ̀ nítorí aláwàdà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àgbà òṣìkà kí ó tó mọ̀. Kì í ṣe pé ìtàn náà jẹ́ irọ́ dandan. Ohun tí ó ṣe kókó ni pé kò sí ẹlẹ́rìí kejì. Nínú sinimá The Dark Knight (2008), Joker sọ ìtàn méjì tí kò bára mu nípa bí àpá ẹnu rẹ̀ ṣe dé ibẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni.

Gordon ni ó gbo ọ̀nà kejì. Ẹni tí ó bá sọ pé gbogbo ènìyàn ni yóò ya wèrè, ẹnìkan ṣoṣo tí kò ya wèrè ti tó láti sọ ọ́ di òpùrọ́. Wọ́n tú Gordon síhòòhò, wọ́n fi ọmọ rẹ̀ tí ń ṣẹ̀jẹ̀ hàn án, wọ́n tì í mọ́ inú àgò bí ẹranko. Nígbà tí Batman tú u sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé kí Batman lọ mú Joker, ṣùgbọ́n kí ó mú un lọ́nà òfin, kí Joker lè mọ̀ pé òfin ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò bẹ̀ ẹ́ kí ó gbẹ̀san. Nínú gbogbo ìwé náà, kò sí agbára tí ó tó èyí, ọkùnrin arúgbó tí òtútù ń mú ni ó sì ní in.

Batman náà jẹ́ ẹ̀rí. Òǹkàwé ìtàn rẹ̀ ti mọ̀ láti ọdún 1939 pé ọlọ́ṣà pa bàbá àti ìyá rẹ̀ níṣojú rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Joker fúnra rẹ̀ fura pé ọjọ́ burúkú kan ni ó sọ ọkùnrin yìí di ẹni tí ń múra bí àdán. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èyí: Batman kò jáde nínú ìyà rẹ̀ láìní àpá. Ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ darí rẹ̀ sí dídáàbò bo àwọn ẹlòmíràn. Iná kan náà ni ó yọ́ òrí, tí ó sì mú amọ̀ le.

6.0 Barbara Gordon

Ibi tí ìwé náà ti kùnà ni ọ̀rọ̀ Barbara. Barbara kì í ṣe ẹ̀dá-ìtàn tuntun ní ọdún 1988. Láti ìgbà tí ó ti jáde nínú Detective Comics nọ́ńbà 359, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967, òun ni Batgirl, akọni obìnrin tí ń bá ọ̀daràn jà. Nínú The Killing Joke, wọ́n bọ́ gbogbo èyí lára rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ṣubú. Lẹ́yìn èyí, a rí i lórí ibùsùn ilé ìwòsàn níbi tí ó ti ń bẹ̀rù nítorí bàbá rẹ̀. Ìyókù rẹ̀ jẹ́ fọ́tò lásán.

Bí ìbéèrè ìwé náà bá jẹ́ bóyá ìyà lè sọ ènìyàn di ìkà, ta ni ó yẹ kí a bi? Gordon jìyà, ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ń wo ọmọ rẹ̀. Batman jìyà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Barbara ni ọjọ́ burúkú náà dé bá ní tààrà, nínú ara òun fúnra rẹ̀, tí kò sì ní lè bọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí ìwé bá parí. Síbẹ̀ ìwé náà kò bi í léèrè. Ó lo ìrora rẹ̀ láti dán bàbá rẹ̀ wò, ó sì gbé e kúrò lójú agbo. Ẹni tí ó yàgbẹ́ lè gbàgbé; ẹni tí ó kó o kò ní gbàgbé. Ní òpin ìtàn, ẹni tí ó ṣẹbi àti ẹni tí ó mú un jọ ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ọta ìbọn wà nínú eegun rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ohun tí àwọn alárìíwísí ti sọ nípa èyí kò kéré. Ní ọdún 1999, Gail Simone to orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn obìnrin jọ, àwọn tí wọ́n ti pa tàbí tí wọ́n ti sọ di aláàbọ̀ ara nínú irú ìwé wọ̀nyí. Orúkọ Barbara wà nínú wọn. Moore fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé ìwé náà kò tẹ́ òun lọ́rùn mọ́.

Àwọn òǹkọ̀wé méjì ni ó ṣe ohun tí ìwé náà kò ṣe. Ní ọdún 1989, nínú Suicide Squad nọ́ńbà 23, Kim Yale àti John Ostrander mú ẹnìkan jáde tí ń jẹ́ Oracle, tí ń fi kọ̀ǹpútà wá ìròyìn fún àwọn tí ń jagun. Nígbà tí ó yá, ó hàn pé Barbara ni, lórí àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò ya wèrè, kò sì di ìkà. Ó wá iṣẹ́ tí ọgbọ́n orí rẹ̀ lè ṣe, ó sì di ẹni tí Batman pàápàá ń gbáralé. Ìdáhùn tí ó tọ́ sí Joker nìyí, láti ẹnu ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti fọhùn. Ó bani nínú jẹ́ pé inú ìwé mìíràn ni ènìyàn yóò ti bá a.

7.0 Ẹ̀rín ìparí

Àwàdà tí Joker pa ní òpin dá lórí wèrè méjì tí wọ́n fẹ́ sá kúrò ní ilé tí wọ́n tì wọ́n mọ́. Ọ̀kan fò láti orí òrùlé kan bọ́ sí òmíràn. Èkejì ń bẹ̀rù. Ti àkọ́kọ́ ní òun yóò tan iná tọ́ọ̀ṣì kí ó lè rìn kọjá lórí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Èkejì kọ̀, ó ní bí òun bá dé àárín, onítọ̀hún yóò pa iná náà. Àwàdà yìí ni èsì Joker sí ìrànlọ́wọ́ tí Batman nawọ́ rẹ̀ sí i. Ó mọ̀ pé wèrè ni ẹni tí ń na tọ́ọ̀ṣì, ó sì mọ̀ pé òun tí òun ń bẹ̀rù kò yàtọ̀. Batman yé e. Ìdí nìyí tí òun náà fi rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín ni à ń fi í rín.

Ní ọdún 2013, òǹkọ̀wé Grant Morrison sọ pé Batman pa Joker nínú àwọn àpótí tí ó kẹ́yìn, nítorí pé ẹ̀rín dáwọ́ dúró kí ìwé tó parí. Àwòrán kò fi ikú hàn. Ọwọ́ Batman dé èjìká Joker, ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ ọlọ́pàá dé, ó sì kú ìró òjò. Bí Batman bá pa á níbẹ̀, ohun tí Gordon bẹ̀ ẹ́ fún ti bàjẹ́, Joker sì ti jàre. Ìtumọ̀ Morrison lè dùn létí, ṣùgbọ́n ó sọ ìdájọ́ tí ìwé náà ti ṣe nu.

Ohun tí àwòrán fi hàn dájúdájú ni pé àpótí tí ó kẹ́yìn jọ èyí tí ó ṣáájú: ẹ̀kán òjò tí ń bọ́ sínú omi tí ó dúró nílẹ̀. Bí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ ni ó parí. Joker yóò tún sá, Batman yóò tún lé e.

8.0 Ìkádìí

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé The Killing Joke kì í ṣe ìwé tí ó dá olubi láre. Ó jẹ́ kí olubi rojọ́ tán, ó fi ọgbọ́n àwòrán mú kí ẹjọ́ náà wọni lára, ó sì tú u palẹ̀ nípasẹ̀ Gordon. Ìbòrí pupa kì í ṣe kádàrá; ohun tí wọ́n dé léni lórí ni, ẹni tí wọ́n dé e lé lórí ni yóò pinnu bóyá òun yóò ṣí i.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò náà tún fi hàn pé ìwé tí ó bá ń wá ìdí ìwà ìkà lè fi ojú ìkà náà wo àwọn tí ó pa lára láìmọ̀. Joker kò rí Barbara gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Ohun èlò ni ó kà á sí. Ìwé náà dá Joker lẹ́bi lórí ohun gbogbo, àyàfi lórí èyí tí òun náà jẹ̀bi rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìtàn olubi yìí ká má ṣe pa ìwé dé ní ojú-ìwé tí ó kẹ́yìn. Kí ó wá Oracle lọ, kí ó sì gbọ́ tẹnu rẹ̀.